Èémí Mi àti Orúnkún Sájẹ́ńtì

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù kẹta
Láti ọdún tó kọjá ni mo ti fi sìgá sílẹ̀. Sìgá lọ, ikọ́ ò lọ. Mo ti sọ ikọ́ náà ní Lánlọ́ọ̀dù — òun ló ni àyà mi báyìí, èmi wá di ayálégbé. Pákó kan péré ni mo rẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù lónìí. Mo ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ewúrẹ́ tí wọ́n lé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5
Sájẹ́ńtì — ìyàwó mi, ta tún ni? — ní orúnkún ń dun òun. Gbogbo ibi tí àtẹ̀gùn ilé bá ti yí, ó máa ń di ògiri mú. "Bàbá ọmọ mi, ẹ dúró dè mí ná." Mo dúró, mo ṣe bí ẹni tó ń ṣe é lóore. Èémí mi balẹ̀, ara sì tù mí. Kí Ọlọ́run forí jì mí.

Àbámẹ́ta, 9
Orúnkún yẹn ò tíì san. Mo ra ìpara, mo bá a fi pa orúnkún náà. Ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọge.

Ọjọ́bọ̀, 14
Dókítà. Ọmọdé lójú, àgbà lọ́rọ̀. "Bàbá, èyí tó ti bàjẹ́ nínú ẹ̀dọ̀fóró yín ò ní padà. Àmọ́ tí ẹ ò bá tún fa sìgá, èyí tó kù á bá yín pẹ́." Ó fún mi ní oògùn tí wọ́n ń fà sẹ́nu. Èmi tí mo rò pé gbogbo ẹ̀ á padà! Mo sọ fún Sájẹ́ńtì pé oògùn ikọ́ lásán ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 15
Ó kù díẹ̀ kí n ra sìgá. Mi ò rà á.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19
Mo tètè ṣíwọ́. Mò ń mí díẹ̀ lórí bẹ́ńṣì níwájú ilé nígbà tí òjò ṣú. Sájẹ́ńtì sáré jáde, ó ká aṣọ, ó fò gun àtẹ̀gùn bí ọmọ ilé-ìwé. Kò rí mi. Orúnkún wo? Mo rẹ́rìn-ín títí Lánlọ́ọ̀dù fi dìde. Lẹ́yìn náà, omi bọ́ lójú mi. Obìnrin yìí ti sọ ara ẹ̀ di arọ nítorí mi, kí n lè máa sinmi lórí àtẹ̀gùn.

Ọjọ́rú, 20
A jọ ti ìta dé. Àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, ọwọ́ ẹ̀ ti dé orúnkún. Mo ní, "Fi orúnkún sílẹ̀. Èmi ni mi ò lè gòkè." Mo sọ ọ̀rọ̀ dókítà fún un, mi ò fi nǹkan kan pamọ́.
Kò bú mi. Ó ní, "Ẹ jókòó."
A jókòó síbẹ̀, àwọn ará ilé ń gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá. Ó gbé orí lé èjìká mi. Nígbà tí mo mí tó, a dìde. A gun díẹ̀. A tún jókòó.