Wọ́n Ní Rẹmọlẹ́kún Ni

Ọjọ́rú, ìrọ̀lẹ́

Wọn ò gba ti àwo orin tuntun tí ọkọ mi ṣe, ti mẹ́tàlì, orin gìtá aláriwo nì, èmi ni màá sì sọ fún un. Ó wà lóko ní Àkànràn. Ó ní kí n bá òun ka ohun táwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ olórin wọn kọ nípa rẹ̀, pé àyà òun ń já.

"Níbo ni ìlù tó ń dún kíkankíkan wà? Rẹmọlẹ́kún lẹ kọ fún wa! Ẹ̀gbọ́n, ẹ bú ramúramù jàre."

Wọn ò parọ́. Orin tó fi ń rẹ Àyọ̀ ọmọ wa lẹ́kún ló gbé lé gìtá.

Ó rẹ̀ mí. Bó bá ní òun ò kọrin mọ́ ńkọ́...

Ẹnìkan ṣá ní òun gbé e sétí ọmọ òun, ó sì sùn. Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí i, kí n tó kọ ìyókù. Bàbá Àyọ̀, jọ̀ọ́, tètè fún mi lésì.