Ọ̀bẹ Mẹ́kà Tí Mo Họ

Runjin Sambo,
Ṣókótó.
Ọjọ́ Àtìní.

Ìyá mi àtàtà,

Àsàláámù aláékúmù. Ṣé orúnkún yẹn ti ń jẹ́ kí ẹ wólẹ̀ kírun dáadáa? Gbogbo wa níbí wà ní àlàáfíà, a dúpẹ́ fún Ọlọ́hun. Ọlábíyìí, àbúrò mi, ìwọ tí ò ń kà á fún wọn, jọ̀ọ́, má fo ibì kankan. Kà á délẹ̀, kódà bí wọ́n bá ní kí o dákẹ́.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè yín lánàá tí ẹ pa fóònù mọ́ mi létí. Mo mọ̀ pé ọkọ mi, bàbá Suwaibat, ti sọ fún yín, òótọ́ ni wọ́n sì sọ. Ọ̀bẹ tí Bàbá mi rà bọ̀ láti Mẹ́kà, tí ẹ fún mi nígbà ìgbéyàwó pé kí n tọ́jú rẹ̀ de ọmọbìnrin tí mo bá bí, mo ti họ ọ̀dà tí wọ́n fi bo irin rẹ̀ kúrò pátápátá.

Ẹ mọ̀ pé mo ń kọ́ṣẹ́ kìlíṣí lọ́dọ̀ Màmá Kande ní Gawon Nama. Ọkùnrin ló ń ṣe é jù níbí, Màmá Kande nìkan ló gbà mí. Ẹran yẹn gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́ bí aṣọ kí a tó sá a sóòrùn, ọ̀bẹ ilé mi ò sì lè ṣe é. Mo mú ti Bàbá. Nítorí ìbẹ̀rù yín, n ò fọwọ́ kan ọ̀dà náà. Ó ń bó sára ẹran, ọ̀bẹ ń ya ẹran jákujàku. Màmá Kande da gbogbo rẹ̀ fún ajá. Wọ́n ní, "Haba Rùkàyyàt! Bí o bá tún gbé nǹkan yìí wá ní Alámísì, má padà wá mọ́. Ẹlòmíràn ń dúró de ààyè rẹ."

Mo sunkún délé, lẹ́yìn náà ni inú wá bí mi. Mo se omi pẹ̀lú kaun, mo ki irin ọ̀bẹ bọ̀ ọ́, mo yọ èèkù síta. Nígbà tí ọ̀dà rọ̀, mo fi ṣíbí onígi họ ọ́. Èyí tó ṣorí kunkun, oògùn tí Suwaibat fi ń nu ọ̀dà èékánná rẹ̀ kúrò ni mo fi nù ún, níta, jìnnà síná. Mo fọṣẹ fọ̀ ọ́, mo nù ún gbẹ, mo fi òróró ẹ̀pà pa á kó má baà dípẹtà. Irin náà ń kọ mọ̀nà. Bàbá Suwaibat dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní ẹ máa bínú. Mo ní kí ẹ bínú.

Mo gbọ́ pé ẹ ní mo ba ogún jẹ́. N ò bà á jẹ́, n ò sì ní tọrọ àforíjì. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé Bàbá rà á kí ẹ lè máa fi gé ẹran fún wọn. Inú àpótí lẹ dì í sí. Ọ̀bẹ tí kò mú lẹ fi ń ya ẹran fún wọn títí wọ́n fi lọ. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí. Suwaibat máa gba ọ̀bẹ yìí lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ tó ti ṣiṣẹ́ ni, tó ti bọ́ ọ.

Lọ́jọ́ Alámísì, mo la ẹran níwájú Màmá Kande. Wọ́n gbé e sókè sí oòrùn, wọ́n ń wo ìka ọwọ́ wọn láti ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n sún lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ní kí n jókòó.

Kí Ọlọ́hun fi Àlùjánnà kẹ́ Bàbá. Kó fún yín ní ẹ̀mí gígùn, kí ẹ lè dé Ṣókótó wá bínú sí mi lójúkojú.

Èmi ni ọmọ yín tó lágídí,
Rùkàyyàt.

Mo tún rántí: kìlíṣí ló wà nínú ọ̀rá tí awakọ̀ gbé wá. Mo la ti yín fẹ́lẹ́ ju ti ọjà lọ nítorí eyín yín. Ọ̀bẹ yẹn ni mo fi là á. Ẹ jẹ ẹ́, kí ẹ sì bá Bàbá jẹ tiwọn.