Káàdì Tá A Ó Fi Lọ Sọ́dọ̀ Màmá

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta
Ọ̀gbẹ́ni Jẹ́-N-Rò-Ó — ọkọ mi nìyẹn, inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀ — gba ìwé àlàyé káàdì ìsanwó méjì bọ̀ láti báǹkì. Ọ̀kan ò gba owó ọdọọdún. Èkejì ń gbà á, owó gidi, ṣùgbọ́n wọ́n á fi ẹ́ jókòó ní yàrá tútù ní pápákọ̀ òfurufú, wọ́n á sì máa ka póìǹtì tó lè di tíkẹ́ẹ̀tì fún ẹ. Èyí tá a bá mú la ó fi sanwó bàálù lọ rí Màmá mi. Ẹsẹ̀ ò jẹ́ kí Màmá wá síbi ìgbéyàwó wa. Wọn ò tíì fojú kan ọkọ mi rí. Ọjọ́ kẹrìnlá ni tíkẹ́ẹ̀tì owó pọ́ọ́kú máa parí. Inú mi ń dùn ṣìnkìn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún
Ó ní kí n jẹ́ kóun rò ó.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ
Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá. Wọ́n ní, "Ìyàwó, èyí tó wọ́n ni kẹ́ ẹ mú o. Àbí ẹ fẹ́ gbẹ́rù lé itan jókòó bí ẹni tí wọ́n lé nílé ni?" Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ẹ ṣé mà. Kí ni mo fẹ́ sọ, èmi tí mi ò ka ju ìwé mẹ́fà lọ. Ọkọ mi mú rúlà, ó fa ìlà sáàárín bébà, àǹfààní lọ́tùn-ún, àléébù lósì. Rúlà. Nítorí káàdì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá
Kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo gbé ìwé káàdì olówó. Mi ò lè sáré kàwé, ìka ni mo fi ń tọ̀ ọ́, torí náà mi ò kì í fo ìlà. Ojú ewé kẹrin, lẹ́tà bíńtín: orúkọ àwọn iléeṣẹ́ bàálù tó ń gba póìǹtì. Mẹ́sàn-án. Iléeṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń fò lọ sílùú Màmá, kò sì sí nínú mẹ́sàn-án yẹn.
Ọkọ mi ti ka ìwé yìí tó ìgbà mẹ́wàá.
Inú bí mi débi pé mo fi áyọ́ọ̀nù jó kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà nílé ìfọṣọ. Ọ̀gá bú mi. Nígbà tí mo délé, ọkọ mi bi mí pé ṣé kò sí nǹkan. Mo ní kò sí. Ojú tì mí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá
Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi. Mo fi ìka tọ́ka sí i. Kò jiyàn. Ó ní òun ti rí i látọjọ́ kìíní. Mo ní kí ló wá ń fà á? Ilẹ̀ ló ń wò. Ó ní òun ò wọ bàálù rí, ẹ̀rù ń ba òun, ó sì rọrùn kóun máa ro ti káàdì. Gbogbo ìlà yẹn, gbogbo àbá ẹ̀gbọ́n — ẹ̀rù. Ó ní kí n má rẹ́rìn-ín. Ta ló fẹ́ rẹ́rìn-ín?
Ó ní bóyá kí n dá lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá
Mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́. Èmi nìkan wọ báǹkì. Akọ̀wé ní, "Mà, ẹ ò fẹ́ yàrá tútù?" Mo ní mi ò fẹ́. Ohùn mi jáde. Wọ́n fún mi ní èyí tí ò gba owó ọdọọdún, orúkọ mi ló wà lára rẹ̀. Mo fi ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì. Ìjókòó ọkọ mi jìnnà sí fèrèsé, kó má baà rí ìsàlẹ̀. Màmá ni mo kọ́kọ́ pè, mo ní àwa méjèèjì ń bọ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó pe ọkọ mi.