Ogójì Ìwé Ẹ̀rí Tí Mo Buwọ́ Lù Láìrí Awakọ̀ Kankan

Ilé Kẹta,
Òpópónà Ẹ̀yìn Ọgbà Ìdánwò.

Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹsàn-án.

Alága àti Àwọn Ọmọ Ìgbìmọ̀,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Rí sí Ìdánwò Awakọ̀ Lọ́rì àti Bọ́ọ̀sì,
Àjà Kejì, Ilé Ìjọba Àtijọ́.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ PE AWAKỌ̀ MỌ́KÀNDÍNLÓGÓJÌ PADÀ SÍ ÌDÁNWÒ, KÍ Ẹ SÌ GBA ÀṢẸ LỌ́WỌ́ MI

1. Èmi ni olùdánwò àgbà fún àwọn awakọ̀ lọ́rì àti bọ́ọ̀sì ní ọgbà ìdánwò tó wà lábẹ́ àṣẹ yín ní ìlú yìí. Ó di ọdún mọ́kànlélógún tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Kí n tó dé ibẹ̀, mo ti fi ọdún mẹ́rìnlá wa lọ́rì akẹ́rù. Mo kọ lẹ́tà yìí láti fi ẹjọ́ sùn, ẹni àkọ́kọ́ tí mo sì ń fi sùn ni ara mi.

2. Ẹ mọ̀ pé apá mẹ́rin ni ìdánwò ọkọ̀ ńlá ní: yíyẹ ọkọ̀ wò kó tó gbéra, fífi ẹ̀yìn rìn nínú ọgbà, wíwà á lójú títì, àti sísọ̀kalẹ̀ láti orí òkè pẹ̀lú ẹrù kíkún. Apá kẹrin yìí ló ń ya awakọ̀ sọ́tọ̀ lára ẹni tó kàn di sítíárì mú. Awakọ̀ tó mọṣẹ́ yóò ti bọ́ sí jíà kejì kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, ẹ́ńjìnnì yóò sì máa bá a fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò gbára lé bíréèkì nìkan, títí bíréèkì yóò fi gbóná, tí yóò sì já a kulẹ̀ níbi tó ti nílò rẹ̀ jù. Nínú ẹni mẹ́wàá tó bá wá sọ́dọ̀ mi, mẹ́rin ni mo máa ń dá padà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn awakọ̀ fi sọ mí ní Sọ̀kalẹ̀, nítorí ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé: "Sọ̀kalẹ̀, lọ kọ́ ọ wá." N kò kọ orúkọ náà.

3. Ní Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà, àbúrò mi wá gbé mi ní ibi iṣẹ́ pé ìyá wa ti jáde láyé. Mo gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì. Bí mo ṣe ń jáde lọ́gbà, ọ̀gá wa sáré tẹ̀lé mi pẹ̀lú ìdìpọ̀ fọ́ọ̀mù lọ́wọ́. Ilé iṣẹ́ ọlọ́kọ̀ kan ti gba awakọ̀ tuntun, àwọn mìíràn náà sì ti tò sílẹ̀ de ìwé ẹ̀rí, bẹ́ẹ̀ kò sí olùdánwò ọkọ̀ ńlá lọ́gbà àfi èmi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi buwọ́ lu ìwọ̀nyí. Ẹni tó ń dán awakọ̀ ọkọ̀ kékeré wò yóò bá yín ṣe ìyókù, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ń ṣe é gẹ́lẹ́." Mo gbé wọn lé bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ àbúrò mi, ẹ́ńjìnnì sì ń gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ mi. Fọ́ọ̀mù ogójì ni. Ibi orúkọ awakọ̀ ṣófo, ibi máàkì ṣófo. Mo buwọ́ lu gbogbo wọn lóòró. Kò sẹ́ni tó fún mi ní nǹkan kan, kò sì sẹ́ni tó fi ìbọn sí mi lórí. Ìbànújẹ́ ti sọ orí àgbà kodò, mo kàn fẹ́ kí ọkùnrin náà kúrò níwájú mi ni. N kò pe ìyẹn ní àwíjàre.

4. Nígbà tí mo padà dé, fọ́ọ̀mù ogójì ti tán, gbogbo ogójì ló sì yege. Láti ọdún mọ́kànlélógún, n kò tíì rí i kí ẹni mẹ́wàá yege tẹ̀léra wọn. Lórí ọ̀kan nínú àwọn ìwé náà, wọ́n fún awakọ̀ kan ní máàkì méjìdínlọ́gọ́rùn-ún fún ìwakọ̀ lábẹ́ òjò. Oòrùn ló ràn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjì náà dé òpin. Mo bi olùdánwò ọkọ̀ kékeré léèrè. Kò parọ́ fún mi. Ó ní òun kò gun òkè pẹ̀lú ẹnikẹ́ni, pé inú ọgbà lòun ti wò wọ́n, pé àwọn kan kò tilẹ̀ kọjá ẹnu géètì. Ó ní, "Wọ́n ní kí n ṣe kíá." Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀. Mo ní màá kọ̀wé sí yín lọ́la. Ọ̀la di ọ̀túnla, ọ̀túnla di ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ.

5. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹjọ, ní nǹkan bí aago méje àárọ̀, bíréèkì bọ́ọ̀sì tó ń kó àwọn òṣìṣẹ́ lọ sí ilé iṣẹ́ ìránṣọ kọṣẹ́ lórí òkè tó lọ sí afárá. Ó wó ògiri afárá, ó sì dojú dé sínú odò. Ènìyàn mẹ́sàn-án kú. Ọ̀kan nínú wọn ni obìnrin tó ń gbé ilé kejì sí tèmi, ẹni tó bá mi tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ilé nígbà tí mo lọ sin ìyá mi. Nígbà tí mo ti ibi ìsìnkú dé, ó ti gbá iwájú ilé mi mọ́, ó ní kí n má wulẹ̀ dúpẹ́. Èmi ni wọ́n ní kí n wá sọ bóyá òun ni, nítorí ọkọ rẹ̀ kò lè wọ yàrá òkú. Bàtà rẹ̀ ni mo fi dá a mọ̀.

6. Ní ọjọ́ kẹta ìjàǹbá náà, ìyàwó ẹni tó wa bọ́ọ̀sì náà wá bá mi nílé. Ó na ìwé ẹ̀rí ọkọ rẹ̀ sí mi. Ó ní, "Bàbá, orúkọ yín ló wà níbí. Ọkọ mi ní òun ò rí yín rí láyé òun." Ó sọ fún mi pé ẹ̀ẹ̀mejì lọkọ òun padà lọ sí ọgbà láti béèrè ọjọ́ tí wọn yóò mú un lọ sórí òkè, akọ̀wé sì dá a lóhùn pé, "O ti yege, kí lo tún ń wá kiri?" Mo gbé àga fún un, kò jókòó.

7. Mo lọ sí ilé ìwòsàn níbi tí ọlọ́pàá ti ń ṣọ́ ọkùnrin náà. Wọ́n ti fi báńdéèjì di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì dé itan. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Ọdún mẹ́fà ló fi wa ọkọ̀ yẹ̀pẹ̀ lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kò gbé èrò rí. Mo bi í pé jíà wo ló wà nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Ó ní, "Jíà kẹrin, sà. Mo ń tẹ bíréèkì, ó ń wọlẹ̀ bí ìrọ̀rí." Lẹ́yìn náà ló wò mí lójú: "Ṣé ẹ̀yin ni Sọ̀kalẹ̀? Nígbà tí mo gbọ́ pé ẹ ti rìnrìn àjò, inú mi dùn, torí wọ́n ní ẹ le. Ìgbà tí wọ́n fi ojú ọ̀nà tí màá máa gbà hàn mí lẹ̀rù tó bà mí. Ká ní ẹ wà nílé ni, ẹ̀ bá ti lé mi padà." Ó wá béèrè pé, "Bàbá, ẹni mélòó ló kú?" Kò tíì sẹ́ni tó sọ fún un. Mo sọ fún un. Ó yíjú sí ògiri, ibẹ̀ ló sì kọjú sí títí mo fi jáde.

8. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ, ọ̀gá wa kọ ìjábọ̀ sí yín pé olùdánwò àgbà ló fúnra rẹ̀ dán awakọ̀ náà wò ní ogúnjọ́ oṣù kẹfà, pé apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé, pé àìbìkítà awakọ̀ nìkan ló fa ikú àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn. Ìbuwọ́lùwé mi ni ẹ̀rí tó so mọ́ ọn. Mo lọ bá a ní ọ́fíìsì rẹ̀, mo ní kó gba ìjábọ̀ náà padà. Ó pa ilẹ̀kùn dé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọdún méjì ló kù kí ẹ fẹ̀yìn tì. Awakọ̀ ló pa wọ́n, kì í ṣe bírò yín. Bí iná bá ń jóni tó ń jó ọmọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n." Mo dá a lóhùn pé òwe náà dára, àmọ́ iná tó ń jó yìí, àwa la dá a. Mo ń sọ fún yín láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú pé irọ́ ni ìjábọ̀ náà. Ní ogúnjọ́ oṣù kẹfà, abúlé ìyá mi ni mo wà. Ìwé ìsinmi mi àti ìwé ẹ̀rí ìsìnkú rẹ̀ wà nínú àpòòwé yìí. Mo ti fún ọ̀gá wa ní ẹ̀dà lẹ́tà yìí, kó má baà dà bí ẹni pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti sọ ọ́.

9. Ẹ̀yin Ọ̀gá, òkú kò ṣe é jí. Àwọn alààyè ló gbé mi dé iwájú yín. Awakọ̀ mọ́kàndínlógójì ló kù lójú títì pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí tí mo buwọ́ lù. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ń wa bọ́ọ̀sì, mẹ́tàlá ń wa lọ́rì, méjì nínú àwọn oní-lọ́rì sì ń gbé epo bẹntiróòlù. Mo ti fi ẹsẹ̀ ara mi rìn dé àwọn ibùdókọ̀, mo rí mẹ́rìnlá, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n wò wọ́n lórí òkè. Mẹ́sàn-án kọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu mi ni?" Márùn-ún gbà. A lo lọ́rì ọ̀rẹ́ mi kan tí a rọ yẹ̀pẹ̀ kún. Ẹni méjì ló mọ̀ ọ́n. Nínú àwọn mẹ́ta tó kù, ọ̀kan mú kí bíréèkì rú èéfín, ọkọ̀ kò sì dúró àfìgbà tí èmi fúnra mi fa bíréèkì ọwọ́. Ọ̀kan sì wà, bàbá ọlọ́mọ mẹ́rin, tó jókòó sórí koríko ní ìsàlẹ̀ òkè, tó ń sunkún. Ó ní, "Mi ò mọ̀ pé mi ò mọ̀ ọ́n."

10. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Ẹ dá awakọ̀ mọ́kàndínlógójì náà dúró lẹ́nu iṣẹ́, kí ẹ sì dán wọn wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kó má ṣe jẹ́ èmi ni yóò ṣe é. Kí ẹni tó bá kùnà rí ibi kọ́ iṣẹ́ náà kó tó padà wá, nítorí wọn kò jí ìwé ẹ̀rí gbé, àwa la fi lé wọn lọ́wọ́. Ẹ da ìjábọ̀ ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n nù. Bí ẹ bá fẹ́ gbé awakọ̀ tó wà nílé ìwòsàn lọ sílé ẹjọ́, ẹ gbé èmi náà lọ. Màá sọ níwájú adájọ́ ohun tí mo kọ síbí. Ẹ gba àṣẹ ìdánwò kúrò lọ́wọ́ mi lónìí. Mo ti fi òǹtẹ̀ mi sínú àpòòwé yìí kí ẹ má baà tún ránṣẹ́ wá gbà á.

11. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe gbé ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ di ìpàdé oṣù tó ń bọ̀. Ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ ọ̀la, méje nínú àwọn bọ́ọ̀sì wọ̀nyí yóò gba òkè afárá lọ, èrò yóò sì kún inú wọn. Mo ti bá àwọn oníbọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí n mú ìwé wá láti ọ̀dọ̀ yín. Màá lọ dúró ní orí òkè náà, màá sì bẹ awakọ̀ kọ̀ọ̀kan pé kó bọ́ sí jíà kejì. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló kù lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin lẹ ní agbára láti dá wọn dúró.

Ẹ ṣeun tí ẹ fi sùúrù kà á dé ibí.

Èmi ni tiyín, pẹ̀lú òtítọ́ tó pẹ́ kó tó dé,

Olùdánwò Àgbà,
Ẹ̀ka Lọ́rì àti Bọ́ọ̀sì.