Àwòrán Tí Ó Lé Tanti Élisabeth Kúrò Nídìí Òṣùwọ̀n

                                                  Agbonou,
                                                  Atakpamé,
                                                  Tógò.
                                                  Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kọkànlá, 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi Yínká, ẹni ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú iṣẹ́ Lomé, ẹ kú ìnira ooru. Ṣé ikọ́ Junior ọmọ yín ti lọ? Bàbá rẹ̀ ńkọ́? Màmá wa ń bẹ, orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀, wọ́n sì ti kórè ẹ̀wà sọ́yà tán. Èmi nìkan ni ara mi kò yá, kì í sì í ṣe ibà.

Ẹ rántí pé ilé-ìwé fi mí sí ilé-iṣẹ́ kan tó ń ra sọ́yà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, kí n lọ kọ́ṣẹ́. Abẹ́ Ọ̀gá Ignace ni mo wà. Iṣẹ́ wa ni láti ya àwòrán bí gbogbo ilé-iṣẹ́ náà ṣe ń ṣiṣẹ́: ta ló ń ṣe kí ni, kọ̀ǹpútà wo ló yẹ kó máa bá èkejì sọ̀rọ̀. Architecture d'entreprise ni wọ́n ń pè é ní kíláàsì wa. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Mo rò pé bí àwọn ènìyàn bá rí ilé tí wọ́n jọ ń gbé lódindi, ìjà wọn á dínkù.

Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fẹ́ rí wa. "Àwọn ọlọ́pàá onípẹ́ńsù ti dé o!" ni àwọn awakọ̀ máa ń wí. Ọ̀gá Ignace ní òun máa jẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Ó ra ohun mímu, ó sì pín tíṣọ́ọ̀tì tí wọ́n kọ "Ilé kan, àwòrán kan" sí láyà. Antoine awakọ̀ fi tiẹ̀ nu ẹrẹ̀ lára ọkọ̀ níṣojú wa.

Tanti Élisabeth tó ń wọn sọ́yà nílé ìkẹ́rù nìkan ló gbà mí. Wọ́n bu omi fún mi bí a ṣe ń ṣe nílé, wọn kò sì béèrè nǹkan kan títí mo fi gbé ife kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Ó dáa, kí lo bá wá?" Mo ṣàlàyé. Wọ́n tú gbogbo iṣẹ́ wọn fún mi, títí kan èyí tó ń dùn wọ́n: pé bí àwọn bá ti wọn ẹrù tí àwọn sì tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, àwọn oníṣirò tún ń tẹ ohun kan náà, bí kò bá dọ́gba, Tanti ni wọ́n ń bú. Mo fi àwọ̀ pupa yí ibẹ̀ ká. Èrò mi ni pé kí a so kọ̀ǹpútà méjèèjì pọ̀, kí Tanti sinmi èébú.

Mo bẹ Ọ̀gá Ignace pé kí a kọ́kọ́ fi àwòrán náà han àwọn tí a yà sínú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. "Christelle, stagiaire ni ẹ́, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ lásán. Ta ló ń bi ewúrẹ́ léèrè kó tó mọ ọgbà?" Ó gbé e lọ bá ọ̀gá àgbà. Ìyẹn wo ibi pupa, ó ní, "Ènìyàn méjì lórí iṣẹ́ kan? Ẹ yọ ọ̀kan." Bí wọ́n ṣe ní kí Tanti lọ máa ká àpò ní ìlú Glei nìyẹn.

Mo sáré lọ bá Tanti. Mo jókòó, wọn kò bu omi. "O yà mí dáadáa, ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Ó hàn kedere débi pé wọ́n mọ ibi tí wọ́n máa gé."

Nígbà ìpàdé ilé-iṣẹ́, Ọ̀gá Ignace ń yin àṣà tuntun tí a gbé kalẹ̀. Mo dìde. Mo ní èmi kò sọ pé kí wọ́n yọ ẹnikẹ́ni, mo ní kọ̀ǹpútà ni kí a so pọ̀, kí Tanti padà sídìí òṣùwọ̀n wọn. Ọ̀gá àgbà ní, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́." Ni wọ́n bá pàtẹ́wọ́ fún mi! Ìpàtẹ́wọ́ yẹn dùn mí ju kí wọ́n lé mi lọ. Bóyá ohùn mi ló kéré. Bóyá àwọ̀ mìíràn ni ǹ bá lò. Mi ò mọ̀.

Ní báyìí, gbogbo ènìyàn ti ń rẹ́rìn-ín sí wa. Mo bi Antoine pé kí ni àwọn awakọ̀ ń ṣe láti àárọ̀. Ó ní, "A kì í ṣe nǹkan kan, ọmọ ìyá. Òfo ni kí o yà. Ẹnu ló gbé Tanti dé Glei. Tèmi, inú rẹ̀ ni ahọ́n mi ń gbé." Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ń dáhùn. Ọ̀gá Ignace sì ń yọ̀ pé kò sí ìṣòro kankan nínú àwòrán mọ́.

Màmá wa ní kí n panu mọ́, kí n gba máàkì mi. Kí lẹ̀yin rò? Mò ń bi ara mi bóyá iṣẹ́ yìí tọ́ sí mi rárá.

Ẹ bá mi kí bàbá Junior, ẹ bá mi fẹnu ko ọmọ náà lẹ́rẹ̀kẹ́.

Lọ́la ni Tanti Élisabeth ń lọ. Mo fẹ́ bá wọn ru ẹrù dé ibi tí ọkọ̀ ti ń gbé èrò. Bí wọn kò bá gbà, mo máa tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn lọ́wọ́ òfo.

Èmi ni àbúrò yín tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀,
Christelle.