Ẹ Dá Ṣọ́bìrì Mi Padà

Èmi Máyọ̀kún, akọ̀wé ẹgbẹ́ aṣèrànwọ́ àdúgbò wa ní Pápá Àjàó, ni mò ń bá Bàbá Morákinyọ̀ kọ èyí sí ọmọ wọn, torí wọn kò kàwé. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn nìyí.

Ọmọlará, mo kí ìwọ, ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ ní Kánádà. Orúnkún ìyá rẹ ti fúyẹ́. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi ń tán lọ; fi òmíràn ránṣẹ́.

Ní Sátidé tí ẹgbẹ́ wa ń kó gọ́tà, wọ́n gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé àga fún mi, wọ́n ní mo ti di bàbá ìsàlẹ̀. Débọ̀ alága ní, “Bàbá, ẹ má bínú, Àǹtí Ọmọlará ló pè mí pé kí ẹ má ṣiṣẹ́ mọ́.” Oko ni bàbá mi ti tọ́ mi, ìjókòó ló ń kó àrùn bá mi. Tún pè é kí Sátidé tó dé, kó dá ṣọ́bìrì mi padà. Bó bá rẹ̀ mí, màá jókòó fúnra mi. Ọlọ́run á dá yín sí.

Ìtẹ̀ka Bàbá Morákinyọ̀.
Ẹlẹ́rìí: Edith akápò àti Débọ̀ alága, tí wọ́n ń retí ìpè yín.