Orí Ìyá Rẹ La Fi Wọn Akoto Yìí

Daovone ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú oòrùn Vientiane, mo kí ọ kú eruku ojú ọ̀nà. Bí o bá jókòó ka ìwé yìí, a dúpẹ́. Bí o bá ń kà á lórí alùpùpù, jọ̀wọ́ sọ ọ́ kalẹ̀ ná, kí o dé ibi tí ò ń lọ kí o tó máa kà á lọ. Kí oore tí a ń ṣe ní tẹ́ḿpìlì máa tẹ̀lé ọ lẹ́yìn, kí ọ̀nà má ṣe mọ orúkọ rẹ. Àwa náà wà. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, a ti lọ́ ìrẹsì sí oko ìsàlẹ̀, ẹfọ̀n wa ti bímọ, akọ ni, òrùlé ilé ìdáná sì ń jò sí ibi tó ti ń jò tẹ́lẹ̀.

Kí n tó gbàgbé, bá mi kí ọmọbìnrin tó ń gbé inú etí rẹ. Nígbà tí o wálé fún ọdún tuntun, tí o ki ohun dúdú kékeré yẹn bọ̀ mí létí pé kí n gbọ́ bí wọ́n ṣe ń júwe ọ̀nà fún ọ, mo kí i dáadáa, mo sì béèrè àlàáfíà àwọn òbí rẹ̀. Kò dá mi lóhùn, ó kàn ní kí n yà sọ́wọ́ ọ̀tún. Mo yà. Ibi ẹlẹ́dẹ̀ ni mo bá ara mi. N kò bínú o. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ dé alẹ́, ẹnu rẹ̀ lè máà gbé ìkíni mọ́. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ tutù, ó jọ ọmọ tí wọ́n tọ́, mo sì rò pé bí o bá bẹ̀ ẹ́, á máa bá wa rán ọ létí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹja gbígbẹ tó wà nínú ọ̀rá funfun, òun ló ni ín.

Ọ̀rọ̀ orí rẹ ló gbé mi jókòó. Lọ́jọ́ tí o bọ́ awò ojú rẹ láti bọ́jú, ìyá rẹ rí ibi tí apá awò náà ti tẹ̀ ọ́ lẹ́bàá ojú lọ́tùn-ún lósì, tó pọ́n bí ibi tí okùn jẹ. O ní akoto rẹ ló ń tẹ awò mọ́ ọ lórí, tó tún ń ti ohun etí wọnú, pé tó bá fi máa di ọ̀sán, orí á ti máa fọ́ ọ, ìdí nìyẹn tí o fi máa ń gbé e kọ́ ọwọ́ alùpùpù, àfi tí o bá rí ọlọ́pàá lókèèrè. O fi rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ dìde, ó lọ síbi ìdáná, kò sì jẹun alẹ́ ọjọ́ náà. Ọwọ́ alùpùpù ni ẹ̀gbọ́n rẹ Khamphouang náà gbé akoto tirẹ̀ kọ́ lọ́jọ́ tó ṣubú lórí afárá. Nígbà tí wọ́n gbé alùpùpù náà wá fún wa, akoto ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tilẹ̀ ha. Mo mọ̀ pé o mọ̀. Mo kọ ọ́ síbí torí pé ẹnu mi kò lè sọ ọ́ lójú rẹ.

Mo wá pinnu pé n óò ra èyí tí kò ní dùn ọ́. Mo wọkọ̀ lọ sí Pakse, mo bá obìnrin kan tó ń jẹ́ Bouakeo tó ń ta akoto lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Mo ní kó fún mi ní èyí tó dára fún ọmọ tó wọ awò, tó sì ní ènìyàn nínú etí. Mo kó owó kip jáde, ó ní bí mo bá fẹ́, mo lè fi fóònù ya àmì dúdú dúdú kan tó lẹ̀ mọ́ tábìlì rẹ̀ dípò kí n ka owó. Mo ní àwòrán kọ́ ni mo wá rà. Ó wá bi mí pé orí ọmọ náà dà. Mo ní ó wà ní Vientiane. Ó ní akoto kì í ṣe agbọ̀n, ẹnìkan kì í fi ojú wọ̀n ọ́n, kí n lọ wá orí tó bá tìrẹ dọ́gba wá. Mo padà sílé, mo ń wá orí kiri. Tèmi tóbi. Ti àbúrò mi rí ṣóńṣó. Ti Olùkọ́ Inpeng ló bá tìrẹ mu lójú mi, òun náà sì ń wọ awò, ṣùgbọ́n ta ló máa na ọwọ́ sí orí olùkọ́? Mo lọ jókòó tì í láàárọ̀ ọjọ́ kan, mò ń na okùn láti òkèèrè, mò ń fojú wọ̀n ọ́n, títí tó fi bi mí bóyá pósí ni mo fẹ́ kàn fún òun. Ojú tì mí, mo gba ilé lọ.

Ìyá rẹ ń wò mí ní gbogbo ìgbà yẹn. O mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà Khamphouang, bí alùpùpù bá ti ń bọ̀, á wọlé lọ. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó rí ekòló á sá, n kò sì fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀ ọ́ rárá. Àfi bó ṣe di òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà, mo rí i tó ti ró ìró rẹ̀ tó dára, tó ti di ìrẹsì sínú agbọ̀n, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ó ní, “Orí mi ni orí ọmọ yẹn. Èmi ni mo bí i. Jẹ́ ká máa lọ.”

Bouakeo pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀, ó tọrọ gáfárà kó tó fọwọ́ kan orí ìyá rẹ, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn. Ìyá rẹ gba awò mi. Ó dé ọ̀kan, ó bọ́ ọ, ó dé òmíràn. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, mo dúró tì í gbọn-in. Bouakeo ní kí a kọ́kọ́ dé akoto ná, kí a tó ki apá awò bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí kò bá wọlé tààrà, kí a gbé akoto náà tì. Ó ní kí a mi orí, bí akoto bá ń dá yí lórí, ó ti tóbi jù. Ó tún ní ìrora rẹ̀ kì í tètè dé, kí a dé e jókòó pẹ́ kí a tó sọ pé ó dára. Èyí tó gbé wá kẹ́yìn ní ojú ọ̀nà tí wọ́n là sínú tìmùtìmù rẹ̀ fún apá awò, ó sì ní kòtò pẹlẹbẹ níbi etí, tí ohun etí á sùn sí láìtẹ̀ ọ́. Inú mi dùn pé wọ́n rántí yàrá fún ọmọbìnrin yẹn náà. Mo wá bi í bóyá kwan, ẹ̀mí tó ń gbé orí rẹ, á ráyè jáde wọlé, torí bí kwan bá há mọ́bẹ̀, tó bínú lọ, àìsàn ló kù. Ó fi àwọn ihò kéékèèké tó wà lókè rẹ̀ hàn mí. Àwọn tó ṣe é mọ nǹkan.

Ìyá rẹ dé ìyẹn, ó fa gíláàsì iwájú rẹ̀ wálẹ̀, ó jókòó. Bouakeo tajà fún ẹlòmíràn, ó jẹun, ó fọ abọ́, ìyá rẹ kò bọ́ ọ. Mo bi í bóyá ó ń dùn ún. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Èémí ti bo gíláàsì náà láti inú, n kò rí ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n okùn abẹ́ àgbọ̀n ti rin. Ọmọ mi, obìnrin tí kò sunkún lójú ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ tí a sun òkú ẹ̀gbọ́n rẹ, inú akoto ló ti rí ibi sunkún, láàárín ọjà, n kò sì mọ ohun tí mo lè ṣe ju pé kí n dúró síbẹ̀ lọ. Ó pẹ́ gan-an kó tó bọ́ ọ.

Ó ní, “Kò dun orí. Rà á.”

Mo rà á. Òun ló wà nínú páálí tí awakọ̀ bọ́ọ̀sì gbé fún ọ yìí. Bí o bá rí iyọ̀ funfun lára okùn rẹ̀, má rò pé àlòkù ni.

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni ìyá rẹ ń bẹ̀ ọ́. Láràárọ̀, kí o tó tan alùpùpù, pè wá. O kò ní láti sọ ohunkóhun. Gbé fóònù sí ìsàlẹ̀ àgbọ̀n rẹ, kí o de okùn akoto náà, kí òun gbọ́ bó ṣe dún pé ó ti wọlé. Obìnrin tí kò fọwọ́ kan fóònù rí ti bi mí pé ibo lohùn ti ń jáde. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé fóònù wa já sínú ìkòkò ẹja iyọ̀ níjọ̀ọ́sí, mo fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ dáadáa, síbẹ̀ gbogbo ẹni tó bá pè ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́. Nítorí náà, bá wa fi owó tí a ó fi tún un ṣe ránṣẹ́, ohun tí agbára rẹ bá ká. Òrùlé lè dúró.

Kí orí rẹ máa gbé ọ lọ, kó máa gbé ọ bọ̀. Kí ojú rẹ máa ríran, kí etí rẹ má gbọ́ ibi. Ohun tó pa ilé wa lẹ́kún nígbà kan, kó má mọ ọ̀nà wá mọ́.

Bí mo ṣe ń parí ìwé yìí, ìyá rẹ jókòó, ó gbé fóònù náà sórí itan. Mo sọ fún un pé akoto kò tíì kúrò nílé, pé kò sí bí o ṣe lè pè nípa rẹ̀ lónìí. Ó ní òun mọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Sithat